Ọwọ́ Òsì Ìyá Mi ní Kolkata

Ìpàdé àwọn tó ń ya àwòrán sínú ìwé ọmọdé ló gbé mi lọ sí Kolkata, ní ìlà-oòrùn Íńdíà, ṣùgbọ́n gègé ìyá mi ló wà lọ́kàn mi nígbà tí mo ń di ẹrù. Parker 45 ni, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Parker bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1960, wúrà kárátì 14 sì ni ẹnu rẹ̀. Òun ni ìyá mi fi ń kọ ètò ẹ̀kọ́ lálaalẹ́ ní gbogbo ìgbà tó fi ṣe olùkọ́, títí tó fi di ọ̀gá ilé ìwé. Nígbà tí ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ó gbé e fún mi. Lọ́wọ́ tèmi, ṣe ló ń ha ìwé. Bí mo bá fà á wálẹ̀, á kọ; bí mo bá tì í sókè tàbí sí ẹ̀gbẹ́, á gbẹ, á sì máa fa fọ́nrán bébà yọ. Mo gbà pé ẹnu rẹ̀ ti jẹ tán ni. Mo sì gbà pé ohun tó bá ti jẹ tán, pípààrọ̀ ló kàn. Ẹnu tuntun ni mo fẹ́ lọ rà.

Ooru tó pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú kì í ṣe àjèjì. Ooru Èkó ni, èyí tó máa ń mú aṣọ lẹ̀ mọ́ ara kí òjò tó rọ̀. Takisí aláwọ̀ ìyeyè, Ambassador àtijọ́ tó rí rọ̀bọ̀tọ̀, ló gbé mi wọ ìlú. Awakọ̀ náà tó bàbá mi lọ́jọ́ orí, síbẹ̀ "Didi" ló ń pè mí, ìyẹn ẹ̀gbọ́n obìnrin. Ó pe ọlọ́pàá ojú títì ní "Dada", ẹ̀gbọ́n ọkùnrin. Ó pe ìyá kan tó ń sọdá títì ní "Mashi", bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ìyá ẹni. Ara mi balẹ̀ wẹ́lo. Ibi tí wọn kì í ti í pe àgbà lórúkọ lásán, ọmọ Yorùbá kò lè sọnù níbẹ̀. Èdè Bengali tiẹ̀ ju tiwa lọ níbi ọ̀wọ̀: àwa ní "o" àti "ẹ", àwọn ní mẹ́ta, "tui" fún ọmọdé àti ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́, "tumi" fún ẹgbẹ́ ẹni, "apni" fún àgbà àti àlejò. "Apni" ni gbogbo wọn fi ń bá mi sọ̀rọ̀, títí dé ọ̀dọ̀ ọmọ tó ń ta muri lẹ́bàá ọ̀nà, ìrẹsì yíyan tí wọ́n fi àlùbọ́sà, ata tútù àti òróró músítádì pò, tí wọ́n bù sínú bébà tí wọ́n lọ́ ní ìdí kan.

Tíì wọn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ràn. Wọ́n ń tà á nínú ife amọ̀ kékeré tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, ó nípọn, mílíìkì àti ṣúgà kún un, atalẹ̀ ń ta lẹ́nu. Mo mu tèmi tán, mo ń wo ibi tí n ó gbé ife sí, àfi bí mo ṣe rí i tí gbogbo àwọn tó yí mi ká ń ju tiwọn sínú agbọ̀n, tó ń fọ́. Amọ̀ ni, yóò padà di ilẹ̀. Nílé, ike ni à bá fi mu irú tíì bẹ́ẹ̀, ike náà yóò sì wà nínú gọ́tà títí àwọn ọmọ ọmọ wa yóò fi bá a níbẹ̀. Síbẹ̀, ohun tí mo rò nígbà yẹn ni pé mo ti mọ irú ìlú tí mo wà: ìlú tí kì í di nǹkan mú, tó ń lò ó lẹ́ẹ̀kan tó sì ń jù ú nù.

Dharmatala kò jẹ́ kí èrò yẹn pẹ́ lọ́kàn mi. Ní àdúgbò náà, tí wọ́n tún ń pè ní Esplanade, ṣọ́ọ̀bù kékeré kan wà tó ń jẹ́ Pen Hospital, ilé ìwòsàn gègé. Láti 1945 ló ti wà. Mo bá agbẹjọ́rò kan àti ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan níwájú kàǹtà, oníkálukú ń fi ìtara ṣàlàyé ohun tó ń ṣe gègé rẹ̀. Kò sí ẹni tó kánjú nínú wọn. Ọ̀rẹ́ mi tó gbà mí lálejò, ọmọ Bengali, ayàwòrán bíi tèmi, gbọ́ bí mo ṣe ń béèrè ẹnu tuntun fún Parker 45. Ó fà mí lápá. Ó ní, "Kí o tó ra nǹkan kan, jẹ́ kí Jethu rí i ná." Jethu ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni. Ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ ni àgbà náà, akọ̀wé ìṣirò owó tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin. Orí tábìlì ìjẹun ilé rẹ̀ ló ti ń tún ẹnu gègé àwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀ ṣe, kì í sì í gba kọ́bọ̀.

A kọ́kọ́ yà sí College Street, òpópónà ìwé. Ìwé wà lórí àtẹ, lórí ilẹ̀, lára ògiri, àlòkù ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Mo ṣí ìwé ìṣirò àtijọ́ kan. Orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín wà nínú rẹ̀, tàdáwà búlúù ló fi kọ ọ́. Ẹnìkejì kọ tirẹ̀ sábẹ́ ti àkọ́kọ́, ẹnìkẹta sì kọ tirẹ̀ sábẹ́ ti ẹnìkejì. Kò sí ẹni tó fa ilà lé orúkọ ẹni tó ṣáájú rẹ̀ nínú wọn. Nílé ìwé tí mo lọ, ohun àkọ́kọ́ tí à ń ṣe sí ìwé àlòkù ni kí a pa orúkọ tí a bá nínú rẹ̀ rẹ́.

Jadavpur ni ilé Jethu wà, kò jìnnà sí oríta tí wọ́n ń pè ní Sulekha. Orúkọ tàdáwà ni Sulekha. Ní 1934 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, lásìkò tí àwọn ará Íńdíà kọ̀ láti máa ra ọjà òyìnbó. Ẹni tó fẹ́ kí òyìnbó padà sílé kò fẹ́ fi tàdáwà òyìnbó kọ ìwé tí yóò fi sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ilé-iṣẹ́ náà ti ilẹ̀kùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì tún padà ṣí; ìgò rẹ̀ wà lórí tábìlì bàbá náà nígbà tí a wọlé. Àwa nílé, Quink la mọ̀, tí Parker gbé jáde ní 1931. Kò burú. Ṣùgbọ́n ó dùn mí pé nílẹ̀ tí Ìwé Ìròyìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní Abẹ́òkúta ní 1859, mi ò mọ oríta kan tí a fi orúkọ tàdáwà pè.

Mo ti yọ gègé jáde kí n tó jókòó tán. Ìyàwó bàbá náà gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e sórí fìríìjì. Oúnjẹ ló kàn. Mashima, bí mo ṣe ń pè é, bu ìrẹsì funfun sínú àwo mi, ó sì kọ́kọ́ bu ọbẹ̀ kan sí i tí wọ́n ń pè ní shukto, tí ewébẹ̀ oríṣiríṣi wà nínú rẹ̀, tó sì korò. Wọ́n ní kíkorò ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, kí ẹnu lè là. Mo rántí ewúro. Àwa máa ń fọ ewúro títí ìkorò rẹ̀ yóò fi rọ̀, a ó sì fi ẹran àti ẹja bo ìyókù mọ́lẹ̀. Àwọn gbé ìkorò síwájú, wọ́n dá a jẹ, wọn kò bò ó. Lẹ́yìn náà ni ẹja ilish dé nínú ọbẹ̀ músítádì tó ń ta sánsán sí imú. Egúngún ẹja yẹn pọ̀, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́, ọwọ́ nìkan ló lè yọ ọ́. Gbogbo wa fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun. Bí mo ṣe fẹ́ fi ọwọ́ òsì gba àwo yúgọ́ọ̀tì dídùn tí wọ́n fi parí oúnjẹ, mo fà á padà, mo fi ọ̀tún gbà á. Mashima rí mi, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá òun kọ́ òun.

Nígbà tí wọ́n nu tábìlì tán, bàbá náà tẹ́ aṣọ funfun sórí rẹ̀. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ jáde láti inú páànù bísíkíìtì: awò kékeré tí ń sọ ohun di ńlá ní ìlọ́po mẹ́wàá, pẹlẹbẹ idẹ tó fẹ́lẹ́ ju ewé takada lọ, dígí pẹlẹbẹ kan, ìwọ̀nba sáńpépà tó kúnná débi tí ọwọ́ mi kò fi mọ̀ pé sáńpépà ni, àti ife omi. Ó tán. Mo ń retí ẹ̀rọ kan tí yóò máa yí bíríbírí, kò sí. Kò sì fọwọ́ kan ẹnu gègé náà. Bébà ló tì sí mi, ó ní kí n kọ orúkọ mi àti àdúgbò mi, kí n kọ ọ́ bí mo ṣe máa ń kọ ọ́. Ọwọ́ mi ló ń wò, kò wo ohun tí mo kọ. Lẹ́yìn náà ló gbé awò sójú, ó yí ẹnu gègé náà síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ó gbé ojú sókè.

"Ma," ó ní, nítorí pé bàbá àgbà níbẹ̀ a máa pe ọmọbìnrin ní ìyá, bí bàbá tèmi náà ṣe ń ṣe, "ta ló ń lo ọwọ́ òsì nínú ilé yín?"

Mi ò tí ì sọ ohunkóhun fún un nípa ìyá mi.

Ó gbé awò náà fún mi. Góńgó ẹnu gègé tí mo rò pé ó ti jẹ tán kò tán rárá. Ó jẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan ni, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, etí ibi tó tẹ́ náà sì mú. Bàtà àlòkù ni, ó ní: ẹni tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ ti tẹ ìgigísẹ̀ rẹ̀ sí apá kan, ẹ̀yin sì ń fẹ́ fi ẹsẹ̀ tiyín rìn nínú rẹ̀. Ẹni tó ń fi ọ̀tún kọ̀wé a máa fà á lọ. Ẹni tó ń fi òsì kọ ọ́ a máa tì í lọ, ibi tí góńgó náà ti ń kan bébà sì yàtọ̀. Etí tó mú yẹn ló ń ha ìwé mọ́ mi lọ́wọ́. Kò ha ìwé mọ́ ìyá mi lọ́wọ́ rí.

Mo béèrè bí góńgó kékeré bẹ́ẹ̀ ṣe pẹ́ tó ogójì ọdún tí kò tán. Bàbá náà fẹ́ràn ìbéèrè yẹn. Wúrà rọ̀, ó ní. Bí ó bá ṣe wúrà nìkan ló ń fara kan bébà, kì í pẹ́ jẹ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń jó hóró irin líle kan mọ́ orí rẹ̀, hóró tí kò tó mìlímítà kan, kí wọ́n tó là á sí méjì kí tàdáwà lè máa gba àárín rẹ̀ wá. Láti inú ìdílé irin tó le gan-an ni hóró náà ti wá. Méjì nínú ìdílé náà ni osmium àti iridium, tí Smithson Tennant rí ní London ní 1803, nínú ìdọ̀tí dúdú tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n yọ́ platinum pẹ̀lú ásíìdì. Wúrà ń yọ́ ní 1,064 lórí ìwọ̀n Celsius. Iridium kì í yọ́ títí yóò fi dé 2,446, osmium ju 3,000 lọ. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, ó ní: bí hóró yẹn bá tán pátápátá, tí bébà ń fi ara kan wúrà, iṣẹ́ orí tábìlì kò lè mú un padà wá. Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ni yóò jó òmíràn mọ́ ọn, ooru iná náà sì lè mú kí wúrà tó wà nítòsí rẹ̀ sọ agbára rẹ̀ nù, kó máa tẹ̀ gbẹ̀dẹ̀gbẹ̀dẹ̀. Ọ̀pọ̀ gègé tí wọ́n ń gbé wá bá òun pé ó ti jẹ tán kò dé ibẹ̀. Ẹnu wọn ló wọ́.

Tèmi náà wọ́. Apá kan ga ju èkejì lọ díẹ̀, ojú lásán kò lè rí i. Bàbá náà fi èékánná ti apá tó ga sílẹ̀, ó wò ó, ó tún tì í, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe títí méjèèjì fi dọ́gba. Ó fi pẹlẹbẹ idẹ náà gba àárín wọn, tàdáwà gbígbẹ àtọdúnmọ́dún jáde. Ó ní kí n kọ̀wé. Híha náà ti dín kù gidi, sáńpépà kò sì tíì kàn án! Ohun tó yà mí lẹ́nu jù lọ nínú ìrìnàjò náà nìyí. Bí mo bá jókòó nílé tí mo ní kí n tún un ṣe fúnra mi, sáńpépà ni ǹ bá kọ́kọ́ gbé.

Lẹ́yìn náà ló bi mí ní ìbéèrè tí mi ò retí. Òun lè lọ̀ ọ́ kó rí roboto bí ọjọ́ tí wọ́n rà á, ó ní, yóò sì máa kọ̀wé dáadáa lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá lọ̀ kúrò kò ní padà wá, ọwọ́ ìyá mi ni yóò sì kúrò níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kò jẹ́ kí n ronú pẹ́. "Irinṣẹ́ ni," ó ní. "Lọ̀ ọ́." Òótọ́ ni ó sọ. Gègé tí kò kọ̀wé, kí ni a fẹ́ fi ṣe?

Mo pe ìyá mi lórí WhatsApp, mo kọjú fóònù sí bàbá náà. Àwọn méjèèjì kí ara wọn pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì olùkọ́ àti ti akọ̀wé, wọ́n béèrè ara àti ilé, ìyá mi sì béèrè bóyá mo ti jẹun. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá rẹ́rìn-ín. Ọ̀pá ni wọ́n fi lé òsì kúrò lọ́wọ́ òun nílé ìwé, ó ní. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, a kì í sì í fi kọ̀wé níwájú olùkọ́. Nígbà tí òun náà di olùkọ́, ọ̀tún ló fi ń kọ̀wé sójú pátákó lójú àwọn ọmọ. Tó bá di alẹ́, tó rò pé gbogbo wa ti sùn, á gbé gègé sí òsì. Èmi rí i bẹ́ẹ̀ láti kékeré, mi ò béèrè rí. "Lọ̀ ọ́," ìyá mi náà ní. "Ìwọ lo ń fi kọ̀wé báyìí."

Mi ò gbà fún àwọn méjèèjì. Etí tó mú nìkan ni mo ní kí a rọ̀. Ibi tó tẹ́ pẹrẹsẹ, kí a fi sílẹ̀. Bàbá náà mi orí. Ó tẹ́ sáńpépà tó kúnná jù sórí dígí, èyí tí hóró rẹ̀ jẹ́ 0.3 máíkírọ́ọ̀nù, nígbà tí ẹgbẹ̀rún kan máíkírọ́ọ̀nù jẹ́ mìlímítà kan péré. Ó ta omi sí i, ó sì gbé gègé náà fún mi. Èmi ni n ó ṣe é. Ó ní kí n kọ 8 lé e lórí, pẹ̀lú ìwúwo gègé náà nìkan, láìtẹ̀ ẹ́, ìwọ̀nba díẹ̀, kí n dúró, kí n wò ó, kí n kọ ọ́ lórí bébà, kí n tó tún ṣe. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ni mo sọ fún un ní Yorùbá, mo sì túmọ̀ rẹ̀. Ó ní kí n tún un sọ. Nígbà tí ẹnu náà ń rọ̀, tó ń dùn mọ́ mi, mo fẹ́ máa bá a lọ. Ó di ọwọ́ mi mú. Bí a bá lọ̀ ọ́ jù, ó ní, ẹ̀bá inú ibi tó là yóò fẹ̀ sẹ́yìn, tàdáwà yóò dúró lókè, kò ní kan bébà. Ẹnu á máa dán, kò sì ní kọ̀wé.

Ó ń kọ̀wé báyìí. Ilà rẹ̀ nípọn lápá kan, ó tẹ́ẹ́rẹ́ lápá kejì, èyí tí gègé tuntun kò lè ṣe fún mi. Bí mo bá dá bébà mi síbùú díẹ̀, á tún rọ̀ sí i.

Ní alẹ́ tó ṣáájú ìpadàbọ̀ mi, mo ń rò ó pé ta ni mo lè sọ pé ó wà nílé tó lè ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ohun tí a máa ń sọ ni pé kò sí. Irọ́ ni. Àwọn alágogo tó ń tún aago ṣe nídìí àpótí wọn ní Dùgbẹ̀ ní irú awò yẹn lójú láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọmọ tó ń tún fóònù ṣe ní Computer Village ní Ìkẹjà ń jó ẹ̀yà tó kéré ju góńgó gègé lọ mọ́ ara wọn. Ọwọ́ wà. Àwa la kò gbé iṣẹ́ náà lọ bá wọn, nítorí pé a ti pinnu pé ohun tó jẹ kò ṣe é tún ṣe, a sì ti ra bírò.

Bàbá náà sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ó fún mi ní sáńpépà ìwọ̀n ìka méjì, ó ní kí n má lò ó àyàfi bí ó bá di dandan. Ó ní bí mo bá wọ ọkọ̀ òfuurufú, kí n kọ ẹnu gègé náà sókè, kí afẹ́fẹ́ má baà ti tàdáwà jáde. Mashima di muri àti súìtì onímílíìkì sínú àpò mi. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n fi ọwọ́ lé mi lórí.

Ẹ̀yin tí gègé àgbà wà nínú dúrọ́ọ̀ yín, ẹ má ì jù ú nù. Ẹ rẹ ẹnu rẹ̀ sínú omi tútù, kì í ṣe gbígbóná, nítorí pé omi gbígbóná ń ba ara àwọn gègé àtijọ́ mìíràn jẹ́. Ẹ gbé e lọ bá alágogo, kí ó fi awò rẹ̀ wò ó. Bí ẹnu rẹ̀ bá wọ́, kí ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ. Sáńpépà ni kí ó kẹ́yìn. Kí ẹ tó lọ ohunkóhun kúrò níbẹ̀, ẹ pe ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀, bí ó bá ṣì wà, kí ẹ béèrè ọwọ́ tó fi ń kọ̀wé.